Ilẹ̀ Tí A Jọ Mu

Ọmọ kan wà ní SS2 tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Lọ́yà. Orúkọ náà bá a mu, nítorí kò sí ohun tí tíṣà máa sọ tí kò ní wádìí ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ “Àdéhùn Paris, 12 Oṣù Kejìlá, 2015” sójú pátákó, mo ṣàlàyé títí. Mo ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 190 ló gbà láti dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù. Mo ní wọ́n fẹ́ kí ìgbóná ayé má fi dígírì 2 ju bó ṣe wà láyé àtijọ́ lọ, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó máa jó èédú àti epo, àti pé bó bá ṣeé ṣe, kó má kọjá 1.5. Lọ́yà nawọ́.

“Mà, tẹ́nì kan bá yẹ àdéhùn yẹn, ta ló máa mú un?”

Mo ní kò sẹ́ni tó máa mú un. Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń wo ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ inú ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

“Fáìnì ńkọ́, Mà?”

“Kò sí fáìnì.”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà rọra pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, “Ṣé ó lè jáde nínú WAEC?” Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó tún un ṣí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì ní Òṣogbo yìí, bí mo sì ṣe máa ń kọ́ wọn ní apá ibí yìí ni pé mo máa to ọdún àwọn àdéhùn lórí ojú ọjọ́: 1992 ní Rio, 1997 ní Kyoto, 2015 ní Paris. Wọ́n á há a sórí bí ẹni há táìmù tébù. Wọ́n á dà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, mo á fún wọn ní máàkì, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yìn kíláàsì kan náà tí mo ti ń kọ́ wọn ni wọ́n ti ń dáná sun ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní gbogbo ọjọ́ Fúráìdè. Èéfín dúdú á gba ojú fèrèsé wọlé, èmi náà á dìde, mo á pa fèrèsé dé, kí n lè ráyè máa kọ́ wọn nípa èéfín lọ.

Ọ̀rọ̀ Lọ́yà kò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wá ń rò ó pé bóyá orúkọ tí mo pe nǹkan náà ló fúyẹ́. Àdéhùn: a sọ ọ́ títí, ohùn wa ṣọ̀kan, kóńkálùkù dìde. Àdéhùn lèmi àti télọ̀ mi máa ń ṣe lórí aṣọ ọdún, ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tí télọ̀ ń fi àdéhùn ṣe. Májẹ̀mú wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá pè é ní kíláàsì, àwọn ọmọ á rò pé ìwàásù ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó wá ku ìmùlẹ̀.

Bàbá ìyá mi ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ìmùlẹ̀ fún mi, nígbà tí mo ṣì kéré. Ó ní àwọn méjì tó fẹ́ bára wọn mulẹ̀ á gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sì jọ mu ún. Wọ́n ti mu ilẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí lásán níbẹ̀ o, òun lẹnì kẹta wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, a ò ní pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dà, ilẹ̀ la máa ń ní ó dà. Ọ̀dàlẹ̀. Ẹ rọra tún un pè wò. Mo ti lé lógójì ọdún láyé, èébú lásán ni mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sí látọjọ́ yìí, àfi lálẹ́ ọjọ́ náà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Àwọn tó pa òwe yìí ò gbọ́ nípa kábọ́ọ̀nù rí, àmọ́ ká ní wọ́n wà ní Paris lọ́jọ́ náà ni, ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọn ì bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, n kò mú ìwé kankan wọ kíláàsì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ọba wa ní Àtáọ́ja.

Ọmọ Òṣogbo wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ariwo sọ. Mo ní kí wọ́n sọ ìtàn náà látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má fò ó. Ọ̀dá omi ló lé Láròóyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpólé. Tìmẹ́hìn ọdẹ ló rí odò. Wọ́n dé etí odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gégi kí wọ́n lè dó síbẹ̀, igi kan sì wó lu omi. Bí ohùn kan ṣe ké jáde nìyẹn pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun.

Mo dá wọn dúró níbẹ̀. Mo ní ẹ wo bí ìlú wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dá lé èèyàn kúrò nílé, ó rìn títí, ó débi tó lómi, ohun tó kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni pé ó gégi, ó sì fọ́ ìkòkò onígbàlejò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bà á jẹ́ ni wọ́n tó jókòó sọ ọ́. Ọ̀ṣun á dáàbò bò wọ́n. Àwọn náà á máa padà wá sétí odò lọ́dọọdún, wọn ò ní dẹ igbó yẹn, wọn ò ní pẹja ibẹ̀, wọn ò ní gégi ibẹ̀. Ẹja jáde látinú omi, Láròóyè tẹ́wọ́ gbà á. A-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Ẹ ò rí i pé orúkọ oyè ọba wa, ìbuwọ́lùwé ni?

Ọmọbìnrin kan níwájú ní, “Mà, Ọdún Ọ̀ṣun wá ni COP tiwa nìyẹn?”

COP ni ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwé Rio máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ìlú Berlin ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ ní 1995. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Oṣù Kẹjọ ni tiwa, Arugbá á gbégbá, ìlú á tẹ̀ lé e lọ sójúbọ, wọ́n á sì tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ kìíní sọ. Bí wọ́n bá dákẹ́ fún ogún ọdún, ta ló máa rántí pé nǹkan kan wà láàárín àwọn àti odò?

Igbó náà ṣì wà níbẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni, wọ́n ṣe ọgbà yí i ká, igbó kìjikìji irú èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní ìhà gúúsù Nàìjíríà. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n mi ò purọ́ fún wọn pé àdéhùn náà ló dá ara rẹ̀ ṣọ́. Ìgbà kan wà tí àwọn tó fẹ́ gégi àti àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ ti ń ṣí i jẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun ló dìde sí i, pẹ̀lú Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó wá sí Nàìjíríà ní 1950 tó sì fi ibí ṣe ilé títí tó fi kú ní 2009. Àwọn ère àti ògiri tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ wà fún ẹwà, àmọ́ wọ́n tún ń sọ fún ẹni tó gbé àdá wá pé ilé onílé ló wọ̀.

Ìjọ́ kẹta ni ìyá ọmọ kan dé. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú o, wọ́n ní ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wa lórìṣà bíbọ.” Mo ní ìtàn ìlú ni, Ìyá, ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ ni mo ń fi ṣe. Ó ní ìtàn ìlú ò burú, àwọn náà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wọn, ká ṣáà má fi nǹkan míì kún un. Ó ń lọ báyìí ló rí èéfín tó ń rú lẹ́yìn kíláàsì. Ó yíjú padà. “Ọ̀rá lẹ̀ ń jó níbẹ̀ yẹn? Nínú ilé-ẹ̀kọ́? Ọmọ mi ní ikọ́ fée!” Ọ̀rọ̀ òrìṣà parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún ràn mí lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tó obìnrin yẹn.

Odò Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n rí apá tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Omi tó ń kọjá lójúbọ ti ń pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí láti ọdún mélòó kan wá, débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kìlọ̀ pé kí àwọn tó wá ṣọdún má mu ún. Lára ohun tó fà á ni àwọn tó ń wa góòlù lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wá bá tiwa. Èkìtì lọ́hùn-ún ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, Ọ̀sà ló ń lọ. Mo ní tí Òṣogbo bá pa gbogbo òfin rẹ̀ mọ́ láìku ẹyọ kan, ṣé omi á mọ́? Wọ́n ní rárá. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sọ́kàn. Afẹ́fẹ́ ò mọ bodè. Èéfín tó kúrò ní Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà kì í dúró níbi tí wọ́n ti rú u.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀kọ́ gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tá a ní ká ṣe tiwa.

Ìgbà àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe é, mo sì bà á jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Kyoto ni mo ṣe é: wọ́n bu iye tí wọ́n máa dín kù lé àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó lórí, bí ìdá 5 nínú 100 sí iye ti ọdún 1990, láàárín 2008 sí 2012. Wọ́n yọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde sílẹ̀. Èmi náà bu iṣẹ́ fún SS1 dé SS3, mo yọ àwọn JSS sílẹ̀, mo kọ ọ́ sórí káàdìbọ́ọ̀dù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ògiri. Àwọn SS3 fọwọ́ sí i. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní WAEC ti dé tán, àwọn ò ráyè pọ́ṣọ̀n. Àwọn SS1 ní bí àwọn bọ̀ọ̀dá ò bá ṣe é, kí ló kan àwọn? Lọ́sẹ̀ kẹta, èéfín ti tún ń wọlé. Mi ò tiẹ̀ ní láti ṣàlàyé fún wọn mọ́ bí Amẹ́ríkà ṣe fọwọ́ síwèé Kyoto tí kò sì sọ ọ́ dòfin nílé rẹ̀, tàbí bí Kánádà ṣe ní òun ń jáde ní 2011. Lọ́yà ti ń wò mí lọ́kọ̀ọ̀kán.

Ìgbà kejì, a ṣe bíi ti Paris. Bí mo ṣe ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé Kyoto dà bí owó tí wọ́n bù léèyàn lórí, Paris dà bí ìpàdé ẹbí nígbà tí ìnáwó bá dé. Kò sẹ́ni tó máa bù ú fún ọ. Ìwọ lo máa dìde láàárín ẹbí, wàá ní, “Èmi á mú báyìí wá.” Ẹ̀gbọ́n kan máa wà tó ní ìwé lọ́wọ́ tó ń kọ ọ́. Bó o bá mú un wá, wọ́n á ṣàdúrà fún ọ. Bó ò bá mú un wá, kò sí ọlọ́pàá, àmọ́ ní ìnáwó tó ń bọ̀, ojú tí wọ́n á fi wò ọ́ wà níbẹ̀. Ní Paris, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń dìde sọ iye tuntun, ó sì yẹ kí tuntun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìpàdé náà gba ọjọ́ méjì. Ọmọ JSS1 kan, tí ẹnu tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù lọ, dìde pé, “Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn kíláàsì, àwọn bọ̀ọ̀dá SS3 ti ń dà á síbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ohun tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti 1992 lọmọ yìí sọ: ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹrù wa ò dọ́gba. Gbogbo Áfíríkà kò rú ju bí ìdá 4 nínú 100 lọ nínú èéfín kábọ́ọ̀nù tí ayé ń rú lọ́dún. Amẹ́ríkà nìkan ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo èyí tí ayé ti rú látìgbà tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ SS3 kan dá a lóhùn pé kì í ṣe àwọn nìkan, àwọn tó ti jáde lọ sí yunifásítì ló da èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀. Èsì táwọn ọlọ́rọ̀ náà máa ń fọ̀ nìyẹn, ẹ̀bi àwọn bàbá ńlá wọn. Níkẹyìn, àwọn SS3 gbà láti dá owó ra dọ́sìbìn méjì fún àwọn JSS. Ẹyọ kan ni wọ́n mú wá, ó sì pẹ́ kó tó dé. Mo fi ṣàlàyé fún wọn pé ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dọọdún fún àwọn tálákà, kó tó di 2020. 2022 ni iye náà tó pé. Ní Baku ní 2024, wọ́n tún ní yóò di bílíọ̀nù 300 lọ́dún tó bá fi máa di 2035. Ọmọ JSS1 yẹn ní, “Kí wọ́n kọ́kọ́ mú dọ́sìbìn kejì wá ná.”

Lọ́yà bi mí pé kí ni Nàìjíríà dìde sọ ní ìpàdé ẹbí. Mo ní, ní 2021, a sọ pé kó tó di 2030, a máa fi ìdá 20 nínú 100 dín tiwa kù lágbára wa, ìdá 47 bí wọ́n bá ràn wá lọ́wọ́, sí iye tí à bá rú ká ní a ò ṣe nǹkan kan. Ní Glasgow ní 2021, Ààrẹ Buhari ní tó bá fi máa di 2060, èéfín tí a bá ń rú kò ní ju èyí tí a lè fà padà lọ. Lọ́yà ní, “Ẹ gbà á gbọ́, Mà?” Mo ní òfin wà ní Nàìjíríà pé kí wọ́n yéé jó gáàsì dànù níbi tí wọ́n ti ń wa epo láti oṣù Kíní 1984. Iná náà ṣì ń jó ní Niger Delta. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kún un.

Kíláàsì kọ̀ọ̀kan kọ tiẹ̀ sójú pátákó ńlá tó wà lẹ́bàá asẹ́ńbìlì. JSS1: olúkúlùkù á máa gbé ìgò omi rẹ̀ wá látilé. SS1: wọ́n á máa ṣa ike lọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà á. SS2: kò sí iná lẹ́yìn kíláàsì mọ́, àwọn ló máa ṣọ́ ọ. SS3: igi mẹ́wàá. Wọ́n wá bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ńkọ́, Mà?” Mo bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ́ ní stáfúrúùmù, a jà á díẹ̀, a gbà pé bó bá ti di agogo méjìlá, a máa pa jẹnẹrétọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátákó: Àwọn Tíṣà.

Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ yẹ̀? Ọ̀sẹ̀ tá à ń tẹ ìwé ìdánwò ni. Ooru mú, fáànù ń fẹ́, agogo méjìlá kọjá, ẹnikẹ́ni ò dìde. Èmi pàápàá wà níbẹ̀, mo ń máàkì. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ìlà kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wa lójú pátákó, bí wọ́n ṣe máa ń sàmì sí orúkọ ẹni tó pariwo. Kò sẹ́ni tó bú wa. Ọ̀gá àgbà kọjá níbẹ̀, ó dúró, ó kà á, ó wọlé lọ. Lọ́jọ́ náà, agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni tíṣà Físíìsì ti dìde lọ pa jẹnẹrétọ̀, a sì jókòó sínú ooru, a ń wo ara wa. Ìgbà yẹn ni mo tó rí èsì ìbéèrè Lọ́yà. Kò sí ẹni tó mú wa. Ìlà méjì lásán ni, ẹfun ni wọ́n sì fi fà á.

Ṣé ojú á ti orílẹ̀-èdè bó ṣe tì wá? Nígbà míì, kì í tì í. Amẹ́ríkà jáde nínú Àdéhùn Paris ní 2020, ó padà wọlé ní 2021, ààrẹ wọn tún fọwọ́ síwèé ní oṣù Kíní 2025 pé àwọn ń jáde, bí ẹni ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ́ ra nǹkan. Ọdún 2024 sì ni ọdún àkọ́kọ́ tí ìpíndọ́gba ìgbóná ayé fún odindi ọdún kọjá 1.5 yẹn. Àwọn ọmọ bi mí pé ṣé ó ti tán nìyẹn. Mo ní ọdún kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ń kó pọ̀. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ mo mọ̀ pé ohùn mi ò le tó.

Nínú igi mẹ́wàá tí SS3 gbìn kí wọ́n tó jáde, mẹ́rin ló kù. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò máa ń gba ibi tí ògiri ti wó wọlé tí a bá ti sáré lọ sílé. Àwọn JSS1 ló ń bomi rin mẹ́rin tó kù báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tó béèrè dọ́sìbìn yẹn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà stáfúrúùmù pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Ó ní òun ti rí ewúrẹ́ tó jẹ ewé igi kẹrin lórí, funfun ni, ó ní okùn lọ́rùn, òun sì mọ ilé wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé a lè kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀dàlẹ̀, àbí kò bá wa mulẹ̀?”

Mo ní kó lọ bi Lọ́yà.